Orin Tó Ń Gbọ́ràn sí Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan wà tí mo fi ń dán orin Yorùbá wò: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọkọ ló ń fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ ló ń ro oko, ọkọ̀ ló ń gbé èrò, ọ̀kọ̀ ló ń gún ẹran. Bí akọrin bá ń kí ọkọ ìyàwó lágbo ìgbéyàwó, tí ohùn orin rẹ̀ wá já sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, ọkọ̀ ló kí yẹn, kì í ṣe ọkọ. Àwọn èrò lè máa jó lọ, wọ́n sì lè máa náwó fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó fetí sílẹ̀ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti fara pa.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ àwo àtijọ́ àwọn akọrin ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti orí sákárà àti àpàlà dé orí jùjú àti afrobeat. Àwọn tó kọ wọ́n kò jọ ara wọn rárá. Ẹnì kan jẹ́ àlùfáà, ẹnì kan ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kó tó di akọrin, ẹnì kan sì kàwé orin dé Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni mo ń bá lára iṣẹ́ wọn, òun ni mo sì gbà pé ó jẹ́ kí orin wọn ṣì máa dún ní Ìtòkú àti ní Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta títí di òní. Wọn kì í fi ohùn orin ṣẹ́ ọ̀rọ̀ lápá. Ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú, orin ló ń tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ fi hàn bí wọ́n ṣe ṣe é, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí a bí ní ọdún 1855, ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ. Kí a tó lè mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ ká rántí bí orin ìjọ ṣe rí nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1843 ni Henry Townsend, ajíhìnrere òyìnbó, kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta. Ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òyìnbó gbé wá, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n sì rọ sínú rẹ̀, bí ẹni fi bàtà bàbá wọ ọmọ. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìjọ ń kọ ọ́ nítorí pé ìwé orin wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti mọ ohun tó yẹ kó túmọ̀ sí. Àlejò tó bá ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé kò lè mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ransome-Kuti gbé orin ìyìn Ọlọ́run lé orí ohùn tí etí àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà ti mọ̀ láti ilé. Bí gbólóhùn bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, orin á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà sórí àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọ̀kan lára àwọn Yorùbá tó kọ́kọ́ ní ohùn lórí àwo. Ohun tó ṣe kò ní ariwo nínú. Ó kàn kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún Ọlọ́run nípa àṣìpè.

Àǹfààní irú orin bẹ́ẹ̀ hàn gbangba ní ààfin Aké ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà. Láti ọdún 1947 ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyàwó ọmọ àlùfáà yìí, ṣáájú wọn, ti ń lọ dúró sí ààfin lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Orin ni wọ́n ń kọ, orin èébú àti orin ìjà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Ladapo Ademola, ọba Ẹ̀gbá, gbé ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò rí àyè láti fi orin dánrawò. Ẹnì kan á dá orin, gbogbo ọjà á gbè é lójú ẹsẹ̀. Ohun tó mú un rọrùn ni pé ohùn orin náà jẹ́ ohùn gbólóhùn tí obìnrin kan ìbá sọ bí inú bá ń bí i. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ti mọ orin náà.

Nínú sákárà, ọgbọ́n yìí bọ́ sọ́wọ́ olóhun èlò. Yusuf Olatunji, tí gbogbo ayé ń pè ní Baba L'Ẹ̀gbá, kì í yára. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó ń rìn bí àgbàlagbà tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ tí kò sì ní ẹni tó ń lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni gòjé wà, ohun èlò olókùn kan péré tí wọ́n ń fi ọrun ha. Gbọ́ bí gòjé náà ṣe ń tẹ̀ lé e. Bí bàbá bá fa ọ̀rọ̀ sílẹ̀, gòjé á fà á sílẹ̀. Bí ó bá yí ohùn padà láàárín sílébù kan, okùn náà á yí padà. Bí bàbá bá dákẹ́, gòjé á ṣì máa sọ gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ díẹ̀, bí òjìji tó dúró pẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ. Ní ọdún 1978 ni bàbá náà lọ, òjìji rẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ jókòó tì pẹ́ ni Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtọ̀kò ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n tún ń pè ní Egúnmọgàjí. Hárúnà Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó ló sọ àpàlà di ohun tí a fi ń jókòó jẹ́jẹ́ gbọ́, pẹ̀lú ìlù tútù àti ohùn àgbà. Àyìnlá mú àpàlà kan náà, ó fi iná sí i nídìí. Ìlù rẹ̀ yára, ó wúwo, ó sì ń ti ara rẹ̀ síwájú. Ohùn rẹ̀ le, ó mú bí abẹ, kò sì fi ọ̀ṣọ́ bò ó. Ọ̀rọ̀ ló ń kó jọ bí ẹni tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra. Gbólóhùn kan tí akọrin mìíràn máa pín sí mẹ́ta, Àyìnlá á kó gbogbo rẹ̀ sínú èémí kan, á sì dúró gbọn-in.

Ibi ìdúró yẹn ni kí ẹ fi etí sí. Ibẹ̀ ni Adéwọlé Àlàó, onílù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Oníluọlá, ti ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlù rẹ̀ wà lábẹ́ apá, ó ń fún ọṣán, ó ń tú u, ohùn ń gòkè, ohùn ń sọ̀. Gbólóhùn tí Àyìnlá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni ìlù ń tún sọ, tàbí ó fi òwe dá a lóhùn, tàbí ó ki ẹni tí orin ń bá wí. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ló ní. Síbẹ̀ a ń gbọ́ ọ yé.

Àṣírí ibẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe. Ìlù lè tún ọ̀rọ̀ Àyìnlá sọ nítorí pé orin Àyìnlá kò tíì ba ohùn ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ká ní ó ti yí i níbi kan kí orin lè dùn, ìlù á kàn máa dún ni, kò ní lè wí ohun kan. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ẹnu méjì ló ń kọ orin kan nínú àpàlà rẹ̀, èyí tó ní eyín àti èyí tó ní awọ. Àwọn elégbè wá dàbí ọgbà tó yí àwọn méjèèjì ká. Ìlà kan náà ni wọ́n ń gbè, wọn kì í fi kún un, wọn kì í yọ kúrò nínú rẹ̀, kí olórin àti onílù lè rìn jìnnà kí wọ́n sì mọ ọ̀nà ilé. Àkúbà, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ló ń tẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn lé.

Ojú àwo kan máa ń lọ tààrà láìdúró, orin kan á wọnú òmíràn bí ilé ṣe ń wọnú ilé ní Abẹ́òkúta àtijọ́. Láàárín rẹ̀, Àyìnlá á ti kí oníṣòwò, á ti bá ọ̀tá jà, á ti gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn, á sì ti sọ ìròyìn. Nígbà tí ìjọba gbé náírà àti kọ́bọ̀ jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, ó fi owó tuntun náà kọrin. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn lọ́dún yẹn kan náà, ó kọrin nípa rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò lè ka ìwé ìròyìn ló ti ẹnu rẹ̀ gbọ́. Orin tí a ní kó gbé ìròyìn kò gbọdọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni ó kú ní Abẹ́òkúta níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èdè Ẹ̀gbá ṣe máa ń rí bí ó bá wà lẹ́nu ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, kó lọ gbọ́ ọ.

Ebenezer Obey gba ọ̀nà ìrọ̀rùn. Ìlú Ìdógò ni a ti bí i ní ọdún 1942, ọmọ Ẹ̀gbá ni ìdílé rẹ̀, inú ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé àti ti ìjọ ló sì ti mọ orin. Nínú jùjú tirẹ̀, gìtá ló wà ní ipò tí gòjé wà nínú sákárà. Orin rẹ̀ ti ọdún 1973 nípa bàbá, ọmọ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ìtàn náà kò le. Bàbá gun ẹranko, aráyé bú u. Ọmọ gùn ún, wọ́n bú ọmọ. Àwọn méjèèjì gùn ún, wọ́n ní ìkà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ní òmùgọ̀ ni wọ́n. Oríṣiríṣi ilẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohun tí Obey ṣe ni pé kò yára kúrò níbì kankan. Ó sọ ọ́ bí bàbá àgbà ṣe ń sọ ìtàn fún ọmọ, gìtá ń yí po lábẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹranko náà lójú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ inú ìtàn máa fi dé, a ti bá wọn rin gbogbo ọ̀nà náà, àwa gan-an la sì ń dá ẹjọ́ náà. Ohùn rẹ̀ kò gbé sókè ju bí ó ti yẹ lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ṣe kedere, dé orí èyí tó kéré jù.

Ó yẹ kí n sọ ti òdìkejì, kó má baà dà bíi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà. Àwọn akọrin soul ti Amẹ́ríkà kò ní irú ẹrù tí àwa rù yìí. Otis Redding ló kọ orin tó ń jẹ́ Respect, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1965. Ní ọdún 1967, Aretha Franklin, ọmọ oníwàásù, gba orin náà, ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò fi ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bí èdè wa ti ń ṣe, nítorí náà Aretha lè mú sílébù kan ṣoṣo, kó fà á gòkè, kó yí i po, kó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á ṣì wà bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni ọlá orin rẹ̀ wà. Ó ń sọ fún wa bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn ún tó. Akọrin Yorùbá tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìronú á ti sọ ọkọ di ọkọ̀ kó tó mí. Ohun tí Aretha ń fi fífa ohùn ṣe, yíyan ọ̀rọ̀ ni Àyìnlá fi ń ṣe é. Ó máa wá ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gòkè síbi tí inú òun ń gòkè sí. Iṣẹ́ méjèèjì gba ọgbọ́n, wọn kò kàn jọ ara wọn ni.

Ààrin àwọn ayé méjì yìí ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì dúró sí. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1938. Àlùfáà tó ń kọrin yẹn ni bàbá bàbá rẹ̀, obìnrin tó ṣáájú wọn lọ sí Aké ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1958 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music. Nígbà tó padà sílé, soul ti ń gba ìlú. Geraldo Pino ti Sàró ń kó àwọn èrò Èkó jọ pẹ̀lú orin irú ti James Brown, ó sì di dandan kí Fẹlá wá ohun tí yóò jẹ́ tirẹ̀.

Ibi tó ti rí i wú mi lórí. Ó padà sídìí àlọ́. Orin rẹ̀ tí ó pè ní Alu Jon Jonki Jon, inú àlọ́ Ajá àti Ìjàpá ló ti mú un: ìyàn mú, àwọn ẹranko ní kí oníkálukú mú ìyá rẹ̀ wá kí àwọn pa á jẹ, Ajá lọ gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run, orin ló sì máa ń kọ kí ìyá tó ju okùn sílẹ̀ fún un. Nínú àlọ́ yẹn, orin ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn kò ní sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń gbe orin àlọ́ láti kékeré. Fẹlá kàn fi ìlù Tony Allen sí abẹ́ rẹ̀, ó fi fèrè sí orí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí elégbè àlọ́ di elégbè afrobeat.

Water No Get Enemy, tó jáde ní ọdún 1975, ni mo kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tó pé jù. Òwe ni ìdí rẹ̀: omi ò lọ́tàá. Orin náà gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Fẹlá kò sì kánjú láti la ẹnu. Dùùrù àti fèrè ló kọ́kọ́ ń fọ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí etí á fi mọ ilé náà kí onílé tó jáde. Nígbà tó máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, Yorùbá ló fi kọ́kọ́ kọ ọ́, lẹ́yìn náà ló wá fi pidgin sọ ọ̀rọ̀ kan náà: ohun gbogbo tí ènìyàn ń fi omi ṣe, láti orí ìwẹ̀ dé orí ọbẹ̀. Kò sí ìdíwọ́ níbi tí èdè méjèèjì ti pàdé. Pidgin tí àwa ń sọ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì lásán, ohùn ilé wa ti wọ inú rẹ̀. Fẹlá gbọ́ èyí, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ ibòmíràn fi lè jọ gbe orin náà, tí kò sì sí ẹni tó máa rò pé ti ẹlòmíràn ni òun ń kọ.

Ẹ tún gbọ́ báàsì àti ìlù rẹ̀. Àwọn aláró Ìtòkú mọ̀ pé nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí ẹ̀kọ wà ni aró kò ní dé, ibẹ̀ náà ni ọnà ti ń yọ. Báàsì Fẹlá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lu díẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ìdákẹ́ náà sì máa ń wà níbì kan náà nígbà gbogbo. Nínú àyè yẹn ni ẹsẹ̀ Tony Allen ti ń wọlé, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń sọ ohun mìíràn. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń sọ láìdí ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń pariwo nínú wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ẹnì kejì máa sọ̀rọ̀ dé.

Láti orí àlùfáà dé orí Fẹlá, ohun kan náà ni mo ń gbọ́. Orin ńlá kì í kọ́kọ́ wá adùn. Ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ lọ, ó ń bá a lọ, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti dá sí i: gòjé, gángan, elégbè, fèrè, tàbí ọjà odindi.

Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń kọ orin nínú yàrá rẹ ní Abẹ́òkúta lónìí, tí ẹ̀rọ gbogbo wà lọ́wọ́ rẹ, mo bẹ̀ ọ́: kí o tó wá ohùn orin, kọ́kọ́ sọ gbólóhùn rẹ sókè bí ẹni ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Fi etí sí ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀. Orin rẹ ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé e tọ onílù gidi lọ, kó fi gángan tún un sọ láìlanu. Bí ìyá rẹ bá gbọ́ ọ yé láti ẹnu ìlù, orin náà ti tó gbé jáde.